Ní Niamey, Ọ̀nà Méjì Ló Wà Níwájú Mi: Ọkọ̀ Orí Odò Ọya Tàbí Aṣálẹ̀ Ìhà Àríwá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá lé eku méjì lẹ́ẹ̀kan náà, òfo ni yóò mú bọ̀ wálé. Òwe yìí ló ń dún lọ́kàn mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní ọdún 2006, nígbà tí mo jókòó sí bèbè Odò Ọya ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, tí mo ń ka owó sẹ́fà tó kù nínú àpò mi. Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, awọ àgbò ṣì wà nílẹ̀ lójúde ọ̀pọ̀ ilé, tí wọ́n sá a sóòrùn. Ọyẹ́ mú, eruku sì bo ojú ọ̀run débi pé oòrùn dà bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ.

Àwa méje la jọ wá láti Èkó. Àwọn mẹ́fà yòókù ti fẹnu kò pé ọkọ̀ ojú omi làwọn yóò wọ̀. Ọkọ̀ gígùn ni, ó ní ẹ́ńjìnnì, ó ní ìbòrí tó ń dá oòrùn dúró, ó ní alásè, ó ní amọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́rin ni yóò fi gbé wọn sọ̀kalẹ̀ lórí odò, láti Niamey dé ìlú Say, láti Say dé igbó ọba tí wọ́n ń pè ní W. Oúnjẹ, omi, àgọ́ àti ibùsùn, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú owó tí wọ́n san. Èrò ọkọ̀ kò ní iṣẹ́ kankan ju kó jókòó, kó máa wòran.

Èmi nìkan ni mo fajú ro. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé ni mo ti ń gbọ́ orúkọ Agadez, ìlú tó wà lẹ́nu ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà. Mo fẹ́ dá wọ bọ́ọ̀sì, kí n sùn níbi tó bá wù mí, kí n jẹun nígbà tí ebi bá pa mí. Mo sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé èmi kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń dì sínú ọkọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹrù tí mo sọ yẹn padà wá bá mi níwájú, ẹ óò gbọ́ ọ.

Odò tí a mọ orúkọ rẹ̀ láti ilé

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe dé ibẹ̀. Ọ̀nà Kútọnu la gbà. A ti Parakou dé Malanville, níbi tí afárá kan ti so ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ mọ́ ìlú Gaya ní Nìjẹ̀r. A wá gba Dosso lọ sí Niamey. Nígbà tó ku nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà kí a wọlé, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Kouré, a rí àwọn àgùnfọn tí wọ́n ń já ewé igi ẹ̀gún jẹ nínú oko àwọn ará abúlé, láìsí ọgbà, láìsí okùn. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, irú àgùnfọn yìí dín kù débi pé nǹkan bí 50 péré ló ṣẹ́ kù. Àwọn ará abúlé àti ìjọba jọ dáàbò bò wọ́n, wọ́n sì ti lé ní 600 báyìí.

Niamey fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú àtayébáyé bí Ifẹ̀ tàbí Ọ̀yọ́. Abúlé apẹja àti àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, kí àwọn Faransé tó gbé olú-ìlú kúrò ní Zinder wá síbẹ̀ ní ọdún 1926. Odò ló sọ ọ́ di ìlú. Èdè Zabarma àti Hausa ló gba ìgboro kan, ṣùgbọ́n ẹ kò ní pẹ́ nínú ọjà kí ẹ tó gbọ́ ẹni tó ń fi Yorùbá pe oníbàárà rẹ̀. Ilé irú Yorùbá bẹ́ẹ̀ la dé sí, bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń ta ohun èlò mọ́tò níbẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Àlàájì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi yóò sì máa pè é níbí.

Odò tó gba iwájú Niamey kọjá kì í ṣe àjèjì sí wa. Odò Ọya kan náà tí à ń rékọjá ní Jẹ́bà ni. Orí òkè ní ilẹ̀ Gínì ló ti ṣẹ̀, ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 240 kìlómítà sí òkun. Ṣùgbọ́n dípò kí odò náà sáré wọ inú òkun tó wà nítòsí, ó kẹ̀yìn sí i, ó gba ìhà àríwá lọ títí dé etí aṣálẹ̀ ní Mali, kó tó ṣẹ́rí padà wá sí Nìjẹ̀r, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Nǹkan bí 4,180 kìlómítà ni gbogbo ìrìn rẹ̀. Èyí ló fa ohun ìyanu tí mo fojú ara mi rí: òjò tó rọ̀ ní ilẹ̀ Gínì máa ń fi ọ̀pọ̀ oṣù rìn kó tó dé Niamey, nítorí náà inú ọyẹ́, nígbà tí koríko ti gbẹ tí kànga ń fà sẹ́yìn, ni odò náà ń kún dé bèbè.

Odò Ọya sì ní ìwà tirẹ̀. Ní ọdún 1985, ọ̀dá mú un débi pé omi kò ṣàn mọ́ ní Niamey fún ọjọ́ mélòó kan. Ní ọdún 2020, ó kún kọjá ààlà, ó ya wọ àdúgbò, ó wó ilé. Erinmi tún wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, erinmi dojú ọkọ̀ tó ń gbé àwọn ọmọ ilé-ìwé dé nítòsí Niamey, ọmọ méjìlá ló sì bá a lọ. Ẹni tó bá rò pé ìrìn odò jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbádùn nìkan, kó rántí èyí.

Igi kan ṣoṣo tó dá dúró

Nígbà tí mo sọ èrò mi fún Àlàájì, kò bá mi jà. Ó ní kí n wọ bàtà mi, kí a jọ jáde. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Boubou Hama ló mú mi lọ, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1959. A kọjá lára àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn tó ń fi awọ ṣiṣẹ́, ó ń mú mi lọ tààrà títí a fi dé iwájú òkú igi kan tí wọ́n rọ ọgbà yí ká. Gbígbẹ ni, kò sì ga rárá.

Àlàájì ní, “Ṣé o mọ igi yìí?”

Mo ní, “Rárá, ẹ̀yin Àlàájì.”

Ó ní, “Igi Ténéré nìyẹn. Òun nìkan ló wà nínú aṣálẹ̀ náà.”

Òótọ́ ni bàbá sọ. Igi bọn-ọ̀n-ní kan ni, ó dá dúró nínú aṣálẹ̀ Ténéré, kò sí igi mìíràn ní ohun tó ju igba kìlómítà lọ ní gbogbo àyíká rẹ̀. Àwọn tó ń da ràkúnmí lọ sí ibi iyọ̀ ní Bilma ń fi ṣe àmì ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ dáná. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1939, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wá omi lọ jìnnà sísàlẹ̀ ilẹ̀, ní ibi tó lé ní ọgbọ̀n mítà. Àfi bó ṣe di ọdún 1973 tí awakọ̀ lọ́rì kan lọ kọ lù ú, tó sì wó o. Nínú gbogbo ilẹ̀ tó tẹ́ lọ bí ẹní yẹn, igi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni mọ́tò lọ rí kọ lù. Wọ́n gbé òkú igi náà wá sí Niamey, wọ́n sì fi irin ṣe ère igi sí ipò rẹ̀.

Àlàájì wò mí. Ó ní, “Bí o bá fẹ́ lọ, máa lọ, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má dá lọ. Ẹni tó dá dúró nínú aṣálẹ̀, ohun tí kò yẹ kó kàn án ni yóò kàn án.” Ó kọ orúkọ amọ̀nà kan ní Agadez fún mi sórí ìwé pélébé. Ìwé yẹn ni mo fi sínú páàsípọ́ọ̀tù mi nígbà tí mo dágbére fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Owó àsansílẹ̀ tí mo ti san fún ọkọ̀ ojú omi kò padà wá sọ́wọ́ mi mọ́.

Ọ̀nà Agadez

Láti Niamey dé Agadez ju 900 kìlómítà lọ. Ìdájí ni bọ́ọ̀sì wa gbéra, ó gba Dosso, Dogondoutchi àti Birni-N’Konni, ó wá kọrí sí Tahoua. Bí a ṣe ń lọ ni igi ń kúrú, tí ilé ń jìnnà síra, tí ojú ọ̀nà sì ń bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan taya bẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ẹ́ńjìnnì gbóná, gbogbo wa bọ́ sílẹ̀ sínú òtútù. Obìnrin Hausa kan bu fùrá fún mi láìbéèrè orúkọ mi. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́ kí a tó rí ilé gogoro mọ́sálásí Agadez. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó ga tó mítà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, igi tó yọ jáde lára rẹ̀ sì dà bí ẹ̀gún lára òòrẹ̀. Ọdún 1515 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ, wọ́n tún un kọ́ ní 1844. Àjọ UNESCO ti ka àárín ìlú náà mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé láti ọdún 2013.

Mo wá amọ̀nà mi rí. Ọmọ Túárẹ́gì ni, ó fi láwàní bo ojú àti ẹnu, ó ń sọ Hausa, èmi náà sì gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó là á yé mi pé òfin kò gba àjèjì láyè láti wọ òkè Aïr tàbí aṣálẹ̀ Ténéré láìní amọ̀nà àti ìwé àṣẹ. Owó Ténéré kò sí lọ́wọ́ mi. A fẹnu kò sí ọjọ́ méjì péré ní ẹsẹ̀ òkè Aïr, nínú mọ́tò tí èmi àti àwọn arìnrìn-àjò méjì mìíràn jọ san owó rẹ̀.

Èmi tí mo ní mo fẹ́ dá rìn, ẹ wá wo bí mo ṣe dá rìn tó. Ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní, a dúró ní kànga kan. Amọ̀nà wa fa omi, ó kọ́kọ́ da sínú ọpọ́n fún àwọn ràkúnmí tí kì í ṣe tirẹ̀, kó tó bu fún wa. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó se tíì lẹ́ẹ̀mẹta lórí ẹ̀yinná, ti àkọ́kọ́ korò, ti ìkẹyìn dùn. Nígbà tí wọ́n ń se ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo dìde láti lọ tọ̀ lẹ́yìn òkìtì iyanrìn. N kò rìn ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nígbà tí mo yíjú padà, n kò rí mọ́tò mọ́, n kò rí iná. Gbogbo òkìtì rí bákan náà. Mo gba ọ̀tún, mo padà, mo gba òsì. Atẹ́gùn ti ń pa ojú ẹsẹ̀ mi rẹ́. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn, n kò ní irú rẹ̀ rí kódà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lóru. Mo ń gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù.

Ìgbà tí mo yíjú lẹ́ẹ̀kẹta ni mo rí amọ̀nà náà tó lóṣòó ní nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ sí mi. Ó ti ń tẹ̀lé ojú ẹsẹ̀ mi láti ìgbà tí mo ti dìde. Kò bá mi wí. Ó kàn ní tíì ti ń tutù.

Ọmọkùnrin inú àgbàlá

Nígbà tí a padà dé Agadez, mo sùn sí ilé èrò kan nítòsí ibùdókọ̀. Nínú àgbàlá ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ló jókòó lórí ẹní, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n fi àpò ìdọ̀họ bò, tí wọ́n kọ orúkọ sí lára. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló kọ́ ní Ìlọrin. Líbíà ló ń lọ. Ó ní òun ti san gbogbo owó òun ní Kánò, láti ibẹ̀ dé Sabha, àwọn tó gba owó ni yóò ṣètò mọ́tò, omi àti oúnjẹ.

Mo ní, “Àbúrò mi, ta ló ń wa mọ́tò náà?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, n kò mọ̀ ọ́n.”

“Èèyàn mélòó ló máa wà nínú rẹ̀?”

“Wọn ò sọ fún wa.”

“Bí ó bá bàjẹ́ lọ́nà ńkọ́?”

Kò dáhùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹrù tí mo sọ ní Niamey ti padà wá bá mi nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wà lórí odò mọ orúkọ atukọ̀ wọn, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì lè ní kó dúró. Ọmọ yìí, tó rò pé òun ń fi ẹsẹ̀ ara òun wá ọjọ́ iwájú òun, òun gan-an ni wọ́n dì bí ẹrù.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní kó tẹ̀lé mi padà sí Niamey, kó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Àlàájì. Ó ní owó tí ìyá òun fi ilẹ̀ bàbá òun dúró yá ni òun fi wá, òun kò lè fi ọwọ́ òfo padà. Ohun kan ṣoṣo tó gbà fún mi ni pé kí a jọ lọ pe ìyá rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Ìyá náà rò pé ọmọ òun wà ní Kánò ni. Ó sunkún, ó sì ṣàdúrà. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ akẹ́rù gbé wọn, wọ́n jókòó lórí ẹrù, wọ́n na ẹsẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n di igi mú kí wọ́n má baà já bọ́. Ó juwọ́ sí mi.

Ó dé Sabha, ẹ bá mi dúpẹ́. Ó lé ní oṣù kan kí ìyá rẹ̀ tó pè mí láti sọ fún mi. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Líbíà ní ọdún 2011, ó wà lára àwọn tó padà sílé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló dé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, wọ́n rí òkú èèyàn 92 nínú aṣálẹ̀ náà nítòsí ẹnubodè Àlùjíríà, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ Nìjẹ̀r fúnra rẹ̀. Mọ́tò wọn ló bàjẹ́, òùngbẹ ló sì pa wọ́n. Ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin ní ọdún 2015 láti fi de àwọn tó ń kó èèyàn gba aṣálẹ̀ lọ, àwọn ológun sì pa òfin náà rẹ́ ní ọdún 2023.

Èwo ló sàn jù?

Nígbà tí mo padà sí Niamey, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti dé. Ojú wọn ń dán. Wọ́n rí erin tó wá mu omi nírọ̀lẹ́, wọ́n rí erinmi, wọ́n rí ẹfọ̀n. Wọ́n ti dé Say, ìlú àwọn àáfà, tí orúkọ rẹ̀ wọ inú ìwé àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi pín ilẹ̀ wa láàárín ara wọn ní ọdún 1890. Wọ́n ti rí ibi tí odò náà ti ṣẹ́ kọ́rọkọ̀rọ bíi lẹ́tà W, èyí tí wọ́n fi sọ orúkọ igbó náà, tó nà dé Bẹ̀nẹ̀ àti Burkina Faso. Ẹ̀dùn ọkàn kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni pé nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ dúró pẹ́ níbì kan, amọ̀nà á ní àkókò ti lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá bi mí léèrè, èmi kò ní bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ní ìyàwó àti ọmọ lẹ́yìn, tí ìsinmi rẹ̀ kò gùn, tí kò gbọ́ èdè ibẹ̀, kó wọ ọkọ̀ ojú omi. Owó rẹ̀ kò ní ṣòfò, yóò sì rí ẹranko ju bí mo ṣe rí lọ. Ẹni tó bá ní àkókò, tó lè sùn sórí ẹní, tó sì lè gbọ́ràn sí amọ̀nà lẹ́nu, kó gba ọ̀nà àríwá. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń jẹ́ àdárìn nínú aṣálẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ kànga gbé ọ, ẹni tó bu fùrá fún ọ gbé ọ, ẹni tó tẹ̀lé ojú ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ. Ohun tó yẹ kéèyàn béèrè ni ẹni tó ń gbé òun, àti bóyá onítọ̀hún mọ orúkọ òun.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un, kí ẹnì kan má baà ka ìwé yìí kó sì di ẹrù rẹ̀ lónìí. Ìgbà ti yí padà. Ọ̀tẹ̀ àwọn Túárẹ́gì bẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọdún 2007, ó sì lé àwọn arìnrìn-àjò kúrò ní Agadez. Àwọn agbésùnmọ̀mí ti wọ inú igbó W. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n pa èèyàn mẹ́jọ ní Kouré, níbi àwọn àgùnfọn tí mo sọ fún yín. Àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù keje ọdún 2023, àjọ ECOWAS ti ẹnubodè, wọ́n tún un ṣí ní ọdún 2024, Nìjẹ̀r sì jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ẹni tó bá ní ìdí láti lọ, kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin yẹn ti ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tirẹ̀ báyìí. Nígbà tí mo yà kí i, mo rí i pé ó kọ orúkọ rẹ̀ sára kẹ́ẹ̀gì omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní Agadez. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní láti ìgbà yẹn, òun kì í lè wo omi tí kò ní orúkọ.